Bí ẹ ṣe lè tú ọ̀rọ̀ "choleric" wò kí ẹ tó fi pe ẹnikẹ́ni

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ló fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó fẹ́ ṣègbéyàwó, ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní kí òun àti àfẹ́sọ́nà ẹ̀ wá sí kíláàsì, wọ́n fún wọn ní fọ́ọ̀mù, orúkọ, ọjọ́ orí, jẹnotáìpù, wọ́n wá kọ "temperament", ìyẹn irú ìwà tí wọ́n gbà pé wọ́n bí mọ́ni, sí abẹ́ jẹnotáìpù yẹn gan-an. Ọkùnrin náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ choleric, ẹni tó tètè ń bínú, síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé ló wá sọ fún un pé ṣé o ti rí i báyìí, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, tí mo bá jágbe mọ́ ẹ má kà á sí. Ohun tí ọmọ yìí wá ń bi mí ni pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí AA àti AS ló ṣe rí ni, àbí ó ṣeé yí padà?"

Mo gbọ́ ọ tán, mi ò lè fèsì lójú ẹsẹ̀, torí ó dùn mí. Ọ̀rọ̀ kan lásán ló fẹ́ di àwáwí nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ yìí. Nígbà tó dàárọ̀ mo jókòó, mo kọ gbogbo bó ṣe lè tú ọ̀rọ̀ náà wò fúnra ẹ̀, èyí tí mo wá ń kọ síbí náà nìyẹn, mo kàn fi díẹ̀ kún un ni. Ọ̀nà kan náà lẹ lè fi tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì míì tó bá jọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ pè é dáadáa. Bíi k ni ch yẹn ń dún, "kọ́-lẹ-rik", ibi "kọ́" lohùn ti ń wúwo. Àwọn kan máa ń jẹ́ kó wúwo níbi "lẹ", dikiṣónárì gbà wọ́n láyè, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fìyẹn dójú tì yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni k yẹn. Tí ẹ bá rí ch nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń dún bíi k, ẹ fura, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá. Ẹ wo school, ẹ wo stomach, ẹ wo chemist, ẹ wo Christ fúnra ẹ̀. Bí ẹni tí ilà wà lójú ẹ̀ ni, kó tó lanu ẹ ti mọ ìlú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí dikiṣónárì, àmọ́ ẹ má dúró síbi ìtumọ̀ o. Ìtumọ̀ ò lè sọ fún yín ju pé ẹni tó tètè ń bínú ni. Ibi tí wọ́n kọ "origin" sí ni kí ẹ wá lọ, tí èyí tó wà lórí fóònù yín ò bá ní in, ẹ lọ sí Etymonline, ìkànnì tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ ni pé àwọn Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ kan, kholē, àwọn tó ń sọ Látìn gbà á lọ́wọ́ wọn, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, ọwọ́ àwọn Faransé làwọn Gẹ̀ẹ́sì ti wá gbà á ní àwọn ọdún 1300. Tí ẹ bá ní ẹbí ní Kétu tàbí Àjàṣẹ́ tó lọ ilé ìwé Faransé, ẹ bi í kí ni "colère". Ìbínú ló máa sọ fún yín. Wọn ò jẹ́ kó lọ títí dòní.

Kholē yẹn wá ńkọ́? Òróǹro ni. Òróǹro tó wà lára ẹ̀dọ̀ki.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí nǹkan, torí mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ tí mo rí i ló tó yé mi. Ilé ìyá ọkọ mi la ti ṣe Iléyá, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Onígbàgbọ́ lèmi, Mùsùlùmí ni wọ́n, àmọ́ ẹ mọ ilé wa, bí wọ́n bá ti ń kun àgbò kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí o ti ń kírun tàbí ibi tí o ti ń kọrin. Bàbá alápatà ti bó awọ tán, wọ́n ti la ikùn, wọ́n ti nawọ́ sí ẹ̀dọ̀ki, mo wá ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n rí òróǹro yẹn kí ẹ tó jù ú nù."

Wọ́n gbójú sókè wò mí. "Ìyàwó wa, kí lo fẹ́ fi ṣe? Má jẹ́ kó bẹ́ sórí ẹran o."

Wọ́n dojú ẹ̀dọ̀ki dé. Ó wà níbẹ̀, àpò kékeré kan tó gùn tó ìka ọwọ́, ó rọ̀, ó ń dán, awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ̀ ń rí omi inú ẹ̀, aláwọ̀ ewé tó fẹ́ di ìyeyè. Wọn ò fi ọ̀bẹ kan án rárá. Wọ́n gé ẹ̀dọ̀ki díẹ̀ mọ́ ọn yí ká, wọ́n fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé ẹyin, wọ́n jù ú sórí ewé. Ọmọ wọn ló ń kun àgbò kejì, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kánjú, ọ̀bẹ yẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, òróǹro bẹ́. Omi yẹn ṣàn sórí ẹ̀dọ̀ki títí dé ara ẹran itan. Bàbá ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn na kẹ́ẹ̀tù omi sí i. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi iyọ̀ pa á lára, ìyá ọkọ mi din ín, mo gé bíńtín níbẹ̀ mo fi sẹ́nu, ó korò wọ ọ̀fun, mo mumi, mo jẹ súgà, kò lọ. Ìgbà yẹn ni mo rántí òróòro tó wà nínú Mátíù orí 27, èyí tí wọ́n pò mọ́ ohun tí wọ́n fún Jésù mu, tó tọ́ ọ wò tí ò mu ún.

Ẹ wá fojú inú wo dókítà kan láyé ijọ́un tí kò ní maikirosíkóòpù, kò ní láàbù, ojú àti ahọ́n ẹ̀ ló ní. Ó rí omi tó korò báyìí nínú ara ẹran, ó mọ̀ pé ó wà nínú ara èèyàn náà, ó rí aláìsàn tó ń bì í jáde nígbà tí ibà mú un, ara ẹ̀ gbóná, ó ń kanra mọ́ gbogbo ilé. Kò yà mí lẹ́nu pé ó so wọ́n pọ̀. Dókítà Hippocrates àtàwọn tó tẹ̀ lé e ní ilẹ̀ Gíríìsì, ní nǹkan bí irinwó ọdún kí wọ́n tó bí Jésù, ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi mẹ́rin ló wà lára èèyàn: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróǹro oníyeyè àti òróǹro dúdú. Galen, dókítà kan tó ṣiṣẹ́ ní Róòmù ní àwọn ọdún lẹ́yìn 150, ló wá tò ó débi tó fi di nǹkan tí gbogbo Yúróòpù gbà gbọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù lára ẹ̀, sanguine. Ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀, phlegmatic. Ti òróǹro dúdú, melancholic. Ti òróǹro oníyeyè yìí, choleric. Wọ́n ní gbígbóná ni, gbígbẹ ni, bí iná, bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àbí ẹ ti rí i pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ń pín ní kíláàsì ìgbéyàwó gan-an nìyẹn? Ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ fún yín níbẹ̀, "temperament" fúnra ẹ̀, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tó túmọ̀ sí kéèyàn po nǹkan pọ̀ ni wọ́n ti rí i. Bí ọbẹ̀. Ata wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù lẹ máa tọ́ wò. Galen ò sọ pé ẹnì kan wà tó jẹ́ òróǹro látòkè délẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lára gbogbo èèyàn lójú tiwọn, iṣẹ́ dókítà sì ni pé kó bá ẹ mú èyí tó pọ̀ jù wá sílẹ̀, yálà kó fún ẹ ní oògùn tó ń múni yàgbẹ́, tàbí kó fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹ, tàbí kó ní kó o jìnnà sí oúnjẹ tó ń ta kó o máa jẹ èyí tó tutù. Ẹ wò ó dáadáa, àwọn tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ gan-an gbà pé ó ṣeé tún ṣe.

Wọ́n gbà á gbọ́ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan ààbọ̀, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní 1858 ni dókítà kan ní Jámánì, Rudolf Virchow, tẹ ìwé tó ní inú sẹ́ẹ̀lì ara ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ omi mẹ́rin sì wábi gbà nílé ìwosàn. Ohun tí a mọ̀ báyìí ni pé ẹ̀dọ̀ki ló ń ṣe òróǹro, àpò yẹn ló ń tọ́jú ẹ̀, tí ẹ bá ti jẹ ọ̀rá àpò á fún un jáde sínú ìfun, iṣẹ́ tí ọṣẹ ń ṣe lára àwo tí ẹ fi jẹ ìkọ́kọrẹ́ ló ń ṣe sí ọ̀rá yẹn. Wọ́n máa ń yọ àpò yẹn kúrò lára èèyàn tí òkúta bá wà nínú ẹ̀, onítọ̀hún á sì máa gbé ayé ẹ̀ lọ, inú á ṣì máa bí i tí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́.

Àwọn ará Yúróòpù tún máa ń sọ láyé ijọ́un pé ẹyẹlé ò ní òróǹro, pé ìdí tó fi jẹ́jẹ́ nìyẹn. Òótọ́ ni pé ẹyẹlé ò ní àpò òróǹro. Àmọ́ ẹ lọ wo ẹṣin nígbà Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ìdílé Balógun bá gùn ún wọlé, tí ìlù ń dún tí ìbọn ń dún, ẹ wo bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ méjì dìde, bó ṣe ń ta ìpá, bí ojú ẹ̀ ṣe ń ràn. Ẹṣin náà ò ní àpò òróǹro. Ẹ̀dọ̀ki tàwọn méjèèjì ń ṣe òróǹro o, ó kàn ń gba ọ̀nà ìfun lọ tààrà ni, kò síbi tó ti ń dúró. Tó bá jẹ́ pé àpò yẹn ni ìbínú ń gbé, ẹyẹlé àti ẹṣin ì bá jọra níwà.

Nǹkan míì tí ẹ lè ṣe fún ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ń tú wò ni kí ẹ wá àwọn ọmọ ìyá ẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ̀ mọ́ yín lórí. Ti choleric pọ̀, ẹ sì ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Cholera, onígbáméjì, ọmọ ìyá ẹ̀ ni, torí àwọn àtijọ́ rò pé òróǹro ló ń ya jáde lára aláìsàn, kó tó di pé wọ́n mọ̀ pé kòkòrò inú omi ìdọ̀tí ló ń fà á. Cholesterol náà, èyí tí dókítà ń sọ fún àwọn ìyá wa kí wọ́n ṣọ́ra fún, inú òkúta òróǹro ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ni Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Faransé, bá fi kholē àti ọ̀rọ̀ Gíríìkì míì tó túmọ̀ sí ohun tó le sọ ọ́ lórúkọ ní nǹkan bí 1815. Melancholy ni òróǹro dúdú. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni "gall", ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pe òróǹro kí kholē tó dé bá wọn. Ẹbí kan náà ni gall àti kholē láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ, "yellow" àti "gold" náà wà nínú ẹbí yẹn. Ẹ pàdé wúrà níbi tí ẹ ti ń wá òróǹro.

Ó wá kù ká mọ ohun tí a máa pè é ní Yorùbá, ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbé e gba ibi tí ò tọ́. Tí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án á ní "oníbìínú". Ó fẹ̀ jù. Gbogbo èèyàn ló ń bínú. Inú làwa ti ń rí i, inú bí mi, inú ń ru ú, inú ìbínú gan-an inú wà níbẹ̀, àmọ́ inú yẹn náà ló ń dùn, òun náà ló ń yọ́, a ò fi ẹ̀sùn kan àpò kékeré kan ṣoṣo nínú ẹ̀.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní irritable, ìkanra ni. Ẹni tó ń kanra, nǹkan kan ló ń ṣe é, ebi, oorun, àìlera, gbèsè, ọ̀rọ̀ tó gbé sọ́kàn tí ò sọ, tí nǹkan yẹn bá lọ ìkanra á bá a lọ. Ọjọ́ Árafà, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá tí mo sọ yẹn, bàbá ọkọ mi gbààwẹ̀. Ó tó bí aago márùn-ún, gbogbo ohun tí a bá ṣe ni ò dáa. Ta ló gbé àga síbí, kí ló dé tẹ́yin ọmọ yìí ò lè dákẹ́, ta ló fi omi ṣòfò. Ọmọ ìyàwó àbúrò wọn kan rọra sọ sí mi létí pé, "Daddy choleric gan o." Mi ò dá a lóhùn. Wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́ tán, wọ́n fi dàbínù ṣínu, wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́ tó lẹ́ja dáadáa, wọ́n mumi, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, wọ́n wá ń pe àwọn ọmọ kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi wọ́n ipò tí wọ́n ṣe níléèwé. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe choleric, ebi ló ń pa á.

Choleric ní tiẹ̀, onínúfùfù ló sún mọ́ ọn jù. Onínúfùfù ò nílò ebi. Ọ̀rọ̀ kékeré bọ́ sílẹ̀, ó ti gbiná, kó tó gbọ́ àlàyé ó ti sọ èyí tí ò ṣeé kó padà. Kì í sì í di kùnrùngbùn sínú, ó lè jẹ́ òun náà lá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹni tó jágbe mọ́ ò ní tíì gbàgbé. Ẹ má pò ó mọ́ òǹrorò o, òǹrorò lè má pariwo rárá, líle ni tiẹ̀, kì í ṣàánú. Ẹ má sì pò ó mọ́ olódì, ẹni tó lè bá yín gbélé fún oṣù mẹ́ta tí ò ní kí yín. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ wa yìí ni pé ìwà ló ń sọ. Àwọn àgbà ní onínúfùfù ní í wá oúnjẹ fún onínúwẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ohun tó ṣe àti ohun tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé fún ẹlòmíì ni wọ́n ń wò, wọn ò ní bẹ́ẹ̀ lẹ̀dọ̀ki ẹ̀ ṣe wí.

Tí ẹ bá fẹ́ lò ó nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìwé ni, ó dáa nínú àròkọ, ó dáa tí ẹ bá ń sọ̀tàn nípa ọ̀gá ológun kan láyé àtijọ́, kò dáa nínú lẹ́tà tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ibi iṣẹ́. Ẹ máa sọ pé èèyàn jẹ́ choleric, ẹ má sọ pé ó ní in. Mo ti ka àròkọ ọmọ kíláàsì kan tó kọ ọ́ pé bàbá òun ní cholera, ìbínú ló ní lọ́kàn, mo pè é jókòó, mo ṣàlàyé òróǹro fún un bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún yín yìí, kò ṣì í kọ mọ́.

Ní ti ìbéèrè ọmọ yẹn, rárá ni ìdáhùn mi. AA àti AS, bàbá àti ìyá ẹ ló fún ẹ, láàbù tó wà ní Ṣágámù àti èyí tó wà ní Ìbàdàn máa rí ohun kan náà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò, kò ní yí padà títí ayé. Kò sí láàbù tó ń yẹ choleric wò. Mi ò sọ pé gbogbo èèyàn ni wọ́n bí bákan náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́ ọmọ méjì mọ̀ pé ọ̀kan lè máa ké láti ọjọ́ ìkómọ kí èkejì kàn máa wò, bí wọ́n ṣe bíni wà níbẹ̀. Àmọ́ ohùn tí èèyàn ń gbé sókè, òun ló ń gbé e. Tó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ni ọkùnrin náà ń gbé sókè, kí ọmọ yìí má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi temperament ṣàlàyé ìyẹn fún un, kó sọ fún àwọn òbí ẹ̀.

Mo ní kí ó gba fọ́ọ̀mù yẹn padà tí wọ́n bá gbà, kí òun àti ọkùnrin náà jókòó, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi Yorùbá kọ ohun tó máa ń ṣe tínú bá ń bí i, ìgbà tó máa ń ṣe é, àti ohun tó máa ń jẹ́ kó rọlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ló ya fọ́tò bébà náà ránṣẹ́. Ọkùnrin yẹn ti fi bírò fa ìlà sórí choleric, ó wá kọ sí abẹ́ ẹ̀ pé: "Mo máa ń jágbe tí mo bá ti Èkó dé, pàápàá tí gosíló bá mú wa ní Lọ́ńgì Bíríìjì. Tí wọ́n bá fi mí sílẹ̀ fún wákàtí kan mo máa ń dáa." Ọmọ náà ní òun ṣì ń ronú sí wákàtí kan yẹn.